Ẹ̀rín Tí Mo Rín Ní Kíláàsì Àwọn Aláró

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn obìnrin aláró àdúgbò wa ní kí n wá máa kọ́ àwọn náà. Wọ́n ní àwọn oníbàárà tó ń wo aṣọ lórí fóònù, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀, ó sì ti sú àwọn láti máa wá ẹni tí yóò bá àwọn kà á. A fi í sí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Áṣárì, nínú gbọ̀ngán kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló jọ ń jókòó síbẹ̀, àwọn mọ́kànlá, aró sì ti wọ èékánná gbogbo wọn.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti lé ní àádọ́rin ọdún. Iwájú ló máa ń jókòó, kì í sì í pa kíláàsì jẹ. Tí mo bá béèrè ìbéèrè, òun ló ń kọ́kọ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ a sì ròkè bí ẹni tó ń pe èèyàn ní òdìkejì ọjà.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo fẹ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe di ọ̀rọ̀ orúkọ, orúkọ ohun tí a kò lè fọwọ́ bà. Mo kọ “kind” sójú pátákó, mo fi “ness” sí ìdí rẹ̀, ó di “kindness”.

Mo ní, “Ẹni tó lójú àánú ni ‘kind’. Ojú àánú fúnra rẹ̀ ni ‘kindness’.”

“Áà, ìrù ni wọ́n ń fi sí i!” ni màmá náà wí. “Tiwa, orí la máa ń fi sí i. Dùn, dídùn. Pẹ́, pípẹ́.”

Òótọ́ ló sọ, inú mi sì dùn sí i. A mú “sad”, ó di “sadness”. A mú “dark”, ó di “darkness”. Wọ́n ń pè é pọ̀ bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo wá kọ “long”. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń gba irú ìrù kan náà, ṣùgbọ́n kí n tó lanu, màmá ti ké e síta: “Longness!”

Mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá ti rẹ́rìn-ín, àyè ti gba gbogbo kíláàsì nìyẹn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ “length” sójú pátákó, mo ṣàlàyé. Màmá kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí a fi ṣe tán.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò wá. Èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ìjókòó iwájú ṣófo. Mo rò pé ara rẹ̀ kò yá ni, àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ara wọn le,” ó wí. “Wọ́n ní àwọn ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Nígbà tó di Sátidé, mo ra búrẹ́dì, mo kọjá sí ilé rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a, ó ń sá aṣọ sórí okùn. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, n kò rò ó kí n tó rín in.”

Ó sá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dá mi lóhùn. “Dìde, tíṣà, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Kì í ṣe tìrẹ ló dùn mí jù. Ohun tí èmi náà ti ṣe fún ẹlòmíràn ni mo rántí.”

Ó mú mi wọlé, a jókòó, ó sì sọ ọ́ fún mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọkọ ìyẹn ń gbé ní ọ̀nà Èkó, níbi tí wọ́n ti ń jí lọ síbi iṣẹ́ l’Ékòó lójoojúmọ́. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n sì fi tọ́ ọ. Gbogbo ọlidé ló máa ń wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ní ọjọ́ kan, màmá gbé ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ pọ̀ fún un. Ọmọ náà tọ́ ọ wò, ó sì fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́ kí inú ìyá àgbà lè dùn. Ó ní, “Ìyá àgbà, ọbẹ̀ yìí gbóná.”

“Ọbẹ̀ náà sì ti tutù,” màmá wí. “Ó fẹ́ sọ pé ó ta ni. Èmi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún méjèèjì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo tún pe àwọn ará ilé pé kí wọ́n wá gbọ́. Ọmọ náà rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Láti ìgbà náà, tí ọlidé bá dé, á ní òun fẹ́ kàwé nílé.”

Ó gba búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ mi. “Ìgbà tí ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn ni mo tó mọ bó ṣe rí lára rẹ̀.”

Ìdí tó fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, kì í ṣe torí oníbàárà kankan. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí ọmọ náà lórí fóònù. Ó fa ìwé rẹ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi ohun tó ti kọ hàn mí: “My daughter. Your longness is too much. My sadness is plenty. Come.”

“Ṣé kí n bá yín tún un ṣe, mà?”

“Báwo ni ì bá ṣe rí?”

Mo ronú. Pípẹ́ tí ọmọ náà ti pẹ́ kó tó wá ló fi “longness” pè. “Length” ló wà nínú ìwé gírámà, ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ìyẹn, àfi bí ẹni pé ọmọ náà ga jù ló ń sọ. Mo ṣàlàyé fún un, mo sì kọ gbólóhùn tó tọ́ sí abẹ́ tirẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ètè rẹ̀ ń mì.

“Ó dáa,” ó wí. “Ṣùgbọ́n tèmi ni mo máa fi ránṣẹ́.”

“Màmá, ọmọ náà á rẹ́rìn-ín o.”

“Kó rẹ́rìn-ín. Èmi ti rín tirẹ̀. Kí òun náà rín tèmi, kó di ọ̀mì.”

Ó fi ìka kan tẹ àwọn lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi kàn ń di fóònù mú ni.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó pè mí. “Ó ti pè o! Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní, ‘Ìyá àgbà, kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.’ Mo ní kó kọ́ mi. Ó kọ́ mi, mo pè é títí ó fi ní mo ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo ní, ‘Ọmọ mi, ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn ta lóòótọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi. Má bínú.’ Ó wá ní kí ni òun máa mú wá fún mi.”

Nígbà tí ọlidé dé, ọmọ náà dé lóòótọ́. Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ kan, ó ró àkísà mọ́ àyà, apá rẹ̀ méjèèjì ti di aró títí dé ìgúnpá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Ẹ kú ọ̀sán, mà,” ó sì ń wojú ìyá àgbà bóyá òun sọ ọ́ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un. Ní ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ wá mú un, wọ́n wá a títí, kó tó di pé wọ́n rí i nínú ilé aládùúgbò kan, tó ń bó ẹ̀gúsí pẹ̀lú àwọn ọmọ ibẹ̀, tí kò gbé ojú sókè. Bàbá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí sí Yorùbá tó ń sọ. Kò pè é. Ó jẹun lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó sì ní òun á padà wá mú un ní Sátidé.