Fọ́ọ̀mù Tó Ní Kí N Jogún Ọmọ Mi

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni tíṣà tó kọ́ ọmọbìnrin mi ní Ìkirè wá bá mi nílé ní Àpòmù. Ọmọ náà ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ni. Tíṣà ń ṣe ìwé ewì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó sì fẹ́ fi ìlà mẹ́fà láti inú ewì kan tí ọmọ mi kọ sí i. Àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà n'Íbàdàn ní àwọn ò ní tẹ̀ ẹ́ àfi bí ẹbí ẹni tó ni ewì bá fọwọ́ sí i.

"Ìlà mẹ́fà wo?" ni mo bi í.

Ó fi hàn mí. Ibi tí ọmọ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni: ìyá tó ń dúró lẹ́bàá títì láti aago kan ọ̀sán, tó ń yọjú wo inú gbogbo ọkọ̀ tó bá ti Ìkirè bọ̀. Òótọ́ ni. Aago méjì sì ni wọ́n ń jáde nílé-ìwé.

Mo rẹ́rìn-ín, mo gba bírò àti fọ́ọ̀mù wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí ohun tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ ibi ìfọwọ́sí: Àjogún Olóògbé.

Ìyá ọkọ mi, tó jókòó tì mí, ní kí n kà á sókè. "Àsítàfúrúláì! Ta ló ń jogún ọmọ? Ọmọ ló ń jogún ìyá."

Ọkọ mi, tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ní, "Ìyá, Kùránì pín ogún fún òbí ọmọ."

"Ìwọ lọ fọwọ́ sí i nígbà náà, Àáfà."

Ọkọ mi kò gba bírò náà.

Mo fa igi lé ọ̀rọ̀ náà, mo kọ "Ìyá rẹ̀" sókè rẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tíṣà gbé fọ́ọ̀mù tuntun dé.

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní 'Ìyá rẹ̀' ò tó, torí ọmọ tó wà láàyè náà ní ìyá; 'Àjogún Olóògbé' ni kí ẹ fọwọ́ sí bẹ́ẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù yìí kò bá dé Ìbàdàn lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á yọ ewì náà."

Wọn ò tíì tẹ orúkọ ọmọ mi sínú ìwé kankan rí. Mo fọwọ́ sí i. Ìyá ọkọ mi kò wò mí. Mo tún ka ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n má baà fo ọ̀rọ̀ kan. Tíṣà na ọwọ́, àmọ́ mo ṣì di fọ́ọ̀mù náà mú.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́," ló wí.

Mo fi í sílẹ̀ fún un.