Ọwọ́ Tó Bá Iṣu Lọ

Títí di òní, bí mo bá dijú lọ́sàn-án tí oòrùn mú, bọ́ọ̀lù pupa kan máa ń bọ̀ láti òkè. Kì í yára. Ó ń yí lójú sánmà Bìní bí ẹni pé kò sí ohun tó ń lé e, èmi náà sì wà nísàlẹ̀, mo ń dúró dè é.

Kíríkẹ́ẹ̀tì ni à ń gbá nílé ìwé wa. Bí ẹni tó mú igi bá gbá bọ́ọ̀lù sókè, tí o sì hán an kó tó kan ilẹ̀, ẹni tó gbá a ti jáde nínú eré nìyẹn. Mo fẹ́ràn eré yìí débi pé mo máa ń lá a, àmọ́ bọ́ọ̀lù kì í dúró lọ́wọ́ mi. Á bà mí lọ́wọ́, á ta jáde. Ìka mi wú tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè di bọ́tìnnì.

Olùkọ́ físíìsì wa náà ló ń kọ́ wa ní eré. Ó ti kọ àwọn òfin náà sójú pátákó fún wa: ohun tó ń lọ kò ní dúró àfi tí nǹkan bá dá a dúró, bí o bá ṣe fẹ́ dá a dúró kíákíá tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí wàá lò á ṣe pọ̀ tó, bí o bá sì ṣe tì í náà ló máa tì ọ́ padà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ nínú ìdánwò, n kò pàdánù máàkì kan. Ọwọ́ mi ni kò ka ìwé yẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, nígbà tí bọ́ọ̀lù kẹta bọ́ lọ́wọ́ mi, olùkọ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"You dey pass physics, you dey fail ball," ló wí. "Match na Wednesday. If you drop one on Monday, I go give another person your place."

Mo sunkún títí dé ilé wa ní Ikpoba Hill.

Iṣu ni màmá mi ń tà lọ́jà Ekiosa. Ará Èkìtì ni, ohun kan ṣoṣo tó sì mọ̀ nípa kíríkẹ́ẹ̀tì ni pé ó máa ń ba aṣọ jẹ́. Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ iṣu dé, ẹni tó máa ń bá a gba iṣu kò wá. Màmá mi ní kí n bọ́ sípò rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró lórí ọkọ̀, ó ń ju iṣu sílẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo tẹ orúnkún díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré pé kí n máa gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Iṣu àkọ́kọ́ gbá mi lọ́wọ́, ó bọ́ sílẹ̀, ó kán sí méjì.

Màmá mi wo iṣu, ó wò mí.

"Ta lò ń kí níbẹ̀?"

"Mummy, it's heavy."

"Mo mọ̀ pé ó wúwo. Àmọ́ iṣu kì í ṣe àgbà ilé. Má na ọwọ́ dè é kó le bí igi. Bó bá ti kàn ọ́ báyìí, bá a lọ sílẹ̀ díẹ̀, á dúró fúnra rẹ̀. Èyí tó bá fara pa, jíjẹrà ló máa jẹrà."

Ó dúró sípò mi. Iṣu ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń bá a lọ sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ náà ń tẹ̀ lé e, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Kò dún rárá. Mo wò ó títí mo fi gbàgbé pé ọjà ni mo wà. Kí ọkọ̀ tó ṣófo, iṣu tèmi náà kò dún mọ́. Ìgbà yẹn ni ohun tó wà lójú pátákó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹyọ kan kò bọ́. Lọ́jọ́rú, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan lọ sókè débi pé gbogbo pápá gbójú sókè. Mo rí ojú rírán rẹ̀ bó ṣe ń yí. Mo bá a lọ títí dé ikùn mi, ó sì dúró. Wọ́n gbé mi sókè. Màmá mi, tó ti ọjà wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, gba bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ mi, ó yí i wò.

"Ṣé kò fara pa?"

Ọdún gorí ọdún, orúnkún màmá mi kò dáa mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa. Ìsàlẹ̀ ni mo wà. Mo rí i tó ń bọ̀, kò yára. Mo gbé ọwọ́ sábẹ́ apá rẹ̀, mo bá a lọ, mo tẹ orúnkún, mo jókòó, títí àwa méjèèjì fi wà nílẹ̀. Kò dún rárá. Ó ti fúyẹ́ ju iṣu ọjọ́ yẹn lọ lójú mi, ìyẹn ló sì pa mí lẹ́kún.

"Mummy, ṣé ẹ ò fara pa?"

Ó fọwọ́ kan ìgunpá rẹ̀, ó fọwọ́ kan orúnkún, ó mi orí pé òun kò fara pa. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní kí n má tíì gbé òun dìde.