Ayùn Tí Mo Gbé Fún Làmídì

Èmi tí mo kọ́ ilé méjì láìmọ̀wé, ọmọ ọdún mọ́kànlá ló kọ́ mi lọ́gbọ́n lónìí.

Èmi àti Làmídì, káfíńtà ará Ìwó tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Òkè-Ìlá nínú Adó níbí, la jọ ń du iṣẹ́ àga ọ́fíìsì ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ wa tuntun yìí. Lọ́la ni wọn yóò wo àga tí kálukú wa kàn, kí wọ́n tó mú ẹnì kan.

Ayùn Làmídì ṣẹ́ láàárọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́sàn-án, Bọ́sẹ̀ ọmọ-ọmọ mi ń ka ìtàn tó ń kọ fún mi. Obìnrin jagunjagun kan ni, ará ayé mìíràn lókè òfurufú. Ọ̀kọ̀ ọ̀tá rẹ̀ ṣẹ́ lójú ìjà, ni obìnrin náà bá fún un ní òmíràn.

Mo ní, "Òmùgọ̀ wo nìyẹn? Kó gún un."

Ó ní, "Bàbá àgbà, nílùú tiwọn, téèyàn bá borí ẹni tí kò ní ohun ìjà lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ pe orúkọ ara rẹ̀ láàárín ìlú mọ́."

Èmi kẹ̀? Orúkọ tí gbogbo Adó mọ̀?

Mo gbé ayùn mi kejì, mo sọdá títì.

Làmídì wò ó títí. "Bàbá, kí lẹ fi sí i?"

"Òróró ni. Kan àga rẹ. N óò ṣì borí rẹ lọ́la."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi rẹ́ igi.

Mo ń gbọ́ ohùn ayùn mi lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta nínú yín ni ì bá gbé e fún un?