Ẹ̀jẹ̀ Ọwọ́ Òsì

Nínú gbogbo ọmọ bàbá wa, èmi nìkan ni mo ṣe ìdánwò tí dókítà fúnra rẹ̀ sọ pé mo yege. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi dán mi wò o, ìka ni mo kàn nà sílẹ̀. Ká ní wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan péré ni, ǹ bá fìdí rẹmi. Mo ti sá kúrò nílé ìwé kí n tó ka ìwé mẹ́fà, mo sì tún sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ títún ṣe. Nílé wa ní Ìlódè, tí wọ́n bá ń wá mi, ìdí ọpọ́n ayò ní Ẹnuwà ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ wò.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló sọ mí ní Akọ̀wé, torí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ìgbà tó wọlé wá, mo ṣì ń gbé síléètì kiri. Nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀, mo rò pé ó máa pààrọ̀ orúkọ náà. Kò pààrọ̀ rẹ̀. Ńṣe ló tún ń pè é kíkankíkan, pàápàá tí àlejò bá wà níbẹ̀: "Akọ̀wé mi, ẹ bá mi gbé iṣu yìí wọlé, tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ò bá pọ̀."

Ìyàwó yìí ló bímọ ní ọsibítù, tí ẹ̀jẹ̀ ò sì dá lára rẹ̀. Ọmọ ń ké, ìyá ò gbọ́. Dókítà ní tí òun ò bá rí ẹ̀jẹ̀ fà sí i lára kí oòrùn tó wọ̀, ká má bá òun wí. Àwọn ará ilé ìyàwó ń gbé lọ́nà Oǹdó. Kí wọ́n tó rí mọ́tò wọ̀ dé, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi wò, kò bá ti ìyàwó rẹ̀ mu. Ni nọ́ọ̀sì bá nawọ́ sí mi níbi tí mo fara pamọ́ sí lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó gún mi níka, mo ké ju ọmọ tuntun lọ. Ìgbà tó padà dé, ó ní tèmi bá a mu.

Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe ní kí n tẹ̀ lé e báyìí, ìyá àgbà di ẹ̀wù mi mú. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni, òun sì ni àgbà gbogbo ọmọ-osú, àwọn ọmọbìnrin ilé wa. Tó bá ní nǹkan ò ṣeé ṣe, kò ṣeé ṣe náà nìyẹn.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ fún ìyàwó lẹ́jẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Tèmi."

"Tìrẹ kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ilé wa ni. Tí ẹ̀jẹ̀ ilé wa bá wọ ara rẹ̀, kí ló máa dà? Ọmọ ilé wa ló máa dà. Ṣé ọmọ ilé á wá máa fẹ́ ọmọ ilé ni? Èèwọ̀!"

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Tó bá máa di àbúrò mi, kó di àbúrò mi. Àbúrò tó wà láyé tẹ́ mi lọ́rùn ju ìyàwó tó wà nínú ilẹ̀ lọ."

"Dìde níbẹ̀. Ọmọ tẹ́ ẹ bí ńkọ́? Kí ló máa pè é, ìyá ẹ̀ àbí àǹtí ẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní àwọn ń dúró dè mí. Oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀ dé orí òrùlé. Ẹ̀gbọ́n mi ò dìde, èjìká rẹ̀ ń mì. Mi ò rí i kó sunkún rí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé bàbá nìkan ló pa wá pọ̀, ìyá wa yàtọ̀.

"Ìyá àgbà," mo ní, "ta ló ni ọwọ́ ọ̀tún?"

"Baba."

"Ta ló ni ti òsì?"

"Ìyá ni. Kí ló kàn án?"

"Ọwọ́ òsì ni wọ́n máa ti fà á. Ẹ̀jẹ̀ ilé ìyá mi ló wà níbẹ̀. Ilé ìyá mi ò sì bá ẹ̀gbọ́n mi tan. Ẹ jẹ́ kó di ọmọ ibẹ̀, ó ṣì lè máa fẹ́ ẹ."

 Ó dà bíi pé ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ìyá àgbà, ó gbé e mì. Ó tú ẹ̀wù mi sílẹ̀, àmọ́ ó tẹ̀ lé mi wọlé.

Nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ mi lápá ọ̀tún.

"Òsì!" ni ìyá àgbà pariwo.

"Màmá, iṣan tọ̀tún ló yọ dáadáa."

"Mo ní òsì! Ṣé o fẹ́ tú ilé wa ká ni?"

Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo ṣẹ́jú sí i. Ó mí kanlẹ̀, ó so ó mọ́ òsì.

Bí mo ṣe rí abẹ́rẹ́ yẹn, gbogbo iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀ nílé ló ń sọ sí mi lọ́kàn, èmi tí mi ò kì í ṣiṣẹ́.

"Má gbọ̀n mọ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ò ń mi bẹ́ẹ̀dì."

Mo ní bẹ́ẹ̀dì ló ń mì mí.

Mo ti rò pé omi lásán ló máa jáde, torí gbogbo ayé ló ń sọ pé kò sí nǹkan kan nínú mi. Àmọ́ ó pọ́n, ó ki bí epo. Wọ́n gbé ìgò náà kọ́ sókè orí ìyàwó, ó ń kán sí i lára díẹ̀díẹ̀. Wọ́n bu tíì oníṣúgà fún mi, mo jókòó ti ìyàwó, mò ń wo ètè rẹ̀ tó ti funfun bí ẹfun, bó ṣe ń padà bọ̀ sípò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò tíì sí nǹkan tí mo ní tí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ wá mi débi tí mo wà. Wọ́n fa nǹkan jáde lára mi, síbẹ̀ ara mi kún. Kì í ṣe tíì yẹn ló fà á. Mo béèrè òmíràn, wọn ò fún mi.

Nígbà tí ìyàwó lajú, ìyá àgbà ò tiẹ̀ jẹ́ kó yíjú.

"Ìyàwó, a dúpẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin yìí ló wà lára rẹ báyìí. Kí lo wá jẹ́ sí wa, ìyàwó ni àbí ọmọ?"

Mo já lu ọ̀rọ̀ náà, mo ní ọmọ ilé ìyá mi ni, kí ẹ̀gbọ́n mi yáa lọ wá iṣu ìdána tuntun wá fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ dání, ó tẹjú mọ́ ẹnu ìyàwó bí ẹni ń retí ìdájọ́.

Ìyàwó wo ìyá àgbà, ó wò mí, ó tún wo ìyá àgbà.

"Ebi ń pa mí," ló wí.