Iṣẹ́ Tí N Kò Tètè Jẹ́

Ó ti máa ń rẹ̀ mí kí n tó dé iwájú kọ̀ǹpútà. Láti àárọ̀ ni mo ti ń pariwo lé àwọn ọmọ kíláàsì tí mò ń kọ́ lórí n'Íkòsí. Bí a bá ti jáde níléèwé, mo di Kétu, mo gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá kan tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, tí jẹnẹrétọ̀ ń bú mọ́ wa létí. Ta ló rán mi? Èmi náà ni mo rán ara mi.

Lọ́sẹ̀ yẹn, fọ́ńṣọ̀n ni wọ́n ń kọ́ wa: iṣẹ́ kékeré tí èèyàn á kọ lẹ́ẹ̀kan, tí á sọ lórúkọ, tí á sì máa pè nígbàkígbà tó bá nílò rẹ̀. Mo kọ èyí tí yóò ṣírò máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí mo bá pè é, òfìfo ló ń mú wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a jà.

Ẹjọ́ mìíràn wà nílé. Bàbá mi, káfíńtà tó ti agbègbè Ọ̀yọ́ wá, ni rọpárọsẹ̀ mú lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn dé ọsibítù mọ́, wọ́n bá rán mi sí dókítà pé kí n béèrè ìgbà táwọn lè padà sídìí iṣẹ́. Mo lọ. Dókítà ní kí wọ́n gbàgbé ayùn. Mo délé, mo ní ó rẹ̀ mí, mo sùn. Ó rẹ̀ mí lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù ló bà mí jù.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí pé, "Iṣẹ́ tí mo rán ẹ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ n dé ná, sà, mo ti pẹ́."

Lọ́jọ́ kẹrin, olùkọ́ wa yọjú wo iṣẹ́ mi, ó rẹ́rìn-ín. "Aunty, ó ṣírò ẹ̀ dáadáa o. Ẹ ò kọ *return* síbẹ̀ ni. Ó lọ, ó ṣe é, kò wá jíṣẹ́."

Mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, máàkì yọ. Inú mi ò dùn. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ gan-an, n ò tilẹ̀ jẹ́ ẹ rárá. Ojú tì mí.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí dókítà wí. Bàbá mi ò pariwo. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún lé itan.

"Mo ti mọ̀," ni wọ́n wí. "Ẹni tí mo rán ni mò ń retí."