Aránṣọ Tó Ń Bá Okùn Sọ̀rọ̀

Wọ́n ní aránṣọ àdúgbò wa, tó ń fi igi gígùn ṣeré, ń pọfọ̀ sí okùn, okùn á sì gbé e dé orí igi kí ológbò tó pajú dé. Àkọ́bí rẹ̀ gbọ́, ó sáré wá gba okùn náà.

Ó bá a lábẹ́ igi, tó ń yẹ okùn wò, tó ń pe orúkọ tó fún kókó kọ̀ọ̀kan tó ta sí i: “Àjùsókè, o ti kọ́ ẹ̀ka. Adìmú, mo fà ọ́, o ò yọ̀.”

“Màmá, ẹ kó o fún mi. Ẹni àádọ́rin ọdún kì í gungi.”

Màmá fẹsẹ̀ bọ ojú okùn, ó gòkè. Orí ẹ̀ka ló ti dá gbogbo àdúgbò lóhùn:

“Lóòótọ́ ni mò ń bá okùn sọ̀rọ̀, kí n má baà fo kókó kankan láìyẹ̀ ẹ́ wò ni. Ṣùgbọ́n okùn ò gbé mi rí, apá mi ni. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin sì ni mí.”