Ohun Tí Mo Ń Wá Lójú Àbúrò Mi

Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú kan ni mo mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà nínú ara mi. Èmi àti Fúnkẹ́, àbúrò mi, ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Erinje, àwa méjèèjì nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìjọ wa. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Lójú ẹsẹ̀, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, ọwọ́ mi tutù, ẹnu mi gbẹ. Mo di igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan mú kí n má baà ṣubú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, aríran kan tó wá bá wa ṣe ìsọjí ti sọ fún mi pé kí n ṣọ́ra, ẹnìkan tó sún mọ́ mi ń bínú sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ náà kiri lójú àwọn ènìyàn.

Púpurú ni èmi àti Fúnkẹ́ jọ ń ṣe tà láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. A ó rẹ ẹ̀gẹ́, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó sì tò ó sórí àtẹ lókè iná kí èéfín lè mú un gbẹ. Láti Ọjọ́ Àìkú yẹn, ojoojúmọ́ ni mo ń rí i tó ń fajú ro sí mi ní ìdí iná. N kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Oorun dá lójú mi, ọrùn mi le bí igi, mo sì rù débi pé aṣọ ń bọ́ kúrò lára mi. Nígbà tó yá, mo sọ fún un pé lẹ́yìn Àjíǹde, kí kálukú máa dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Kò bi mí ní ìdí. Èyí náà mo kà sí ẹ̀rí.

Mo rò pé ọkàn mi ló ń ṣàìsàn, ni mo bá lọ sí ilé ìwòsàn ní Okitipupa. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Lójú mi, akọ̀wé tó ń pín káàdì ń bínú sí mi, obìnrin tó gbé ọmọ sẹ́yìn náà ń bínú. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà láti wo bí ọkàn ṣe ń lù. Kò sí àléébù kankan níbẹ̀. Dókítà bi mí ní ìbéèrè púpọ̀, ó sì pe àìsàn náà ní àníyàn àpọ̀jù. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣàníyàn, ṣùgbọ́n nínú àìsàn yìí, ara á máa wà ní ìmúrasílẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ pé olè ń bọ̀, bí olè ò tilẹ̀ sí. Ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n máa rí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ìlera ọpọlọ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà to fọ́tò méjìlá sórí tábìlì, ó ní kí n mú àwọn tí inú ń bí. Mo mú méje.

"Méjì péré ni, mà," ló sọ. "Àwọn yòókù kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni. Eléyìí, oòrùn ló ń tàn sí i lójú."

Ìtìjú bò mí. Mo sọ ohun tí aríran náà wí fún un, mo sì bi í bóyá orí mi ti dàrú.

"Rárá o. Ọpọlọ yín ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni. Wọ́n ní kó wá ìbínú, òun náà sì ń wá a."

Ó ṣàlàyé pé ọpọlọ kì í dúró kí ojú ríran tán. Ohun tó ń retí ló kọ́kọ́ máa ń sáré lọ bá. Láàárín ojú mẹ́wàá, yóò mú èyí tó le, yóò tẹjú mọ́ ọn, yóò sì fi ìbínú kún ojú tí kò ní nǹkan kan nínú. Iṣẹ́ tó fún mi ṣe nílé ni kí n fa ìlà sínú ìwé kó di àyè mẹ́ta: ohun tí mo ń retí, ohun tí mo rí, àti ohun tí ẹni náà sọ nígbà tí mo bi í. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, àyè kẹta níwájú orúkọ Fúnkẹ́ ṣì ṣófo. Àjíǹde sì ti ń sún mọ́lé.

Mo bá a ní ìdí iná.

"Fúnkẹ́, ṣé inú ń bí ọ sí mi?"

Ó gbójú sókè, omi ń dà lójú rẹ̀. "Àǹtí, èéfín ń pa mí lójú, ẹ̀ ń bi mí nípa ìbínú!"

"Ọjọ́ Àìkú yẹn ńkọ́, tí o bojú wẹ̀yìn wò mí lọ́nà?"

"Lọ́nà tó gbóná bí agbada yẹn? Láìwọ bàtà? Ojú wo lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ẹ ò tíì rí ojú tiyín, Àǹtí. Bí ẹ bá ti yọ, adìyẹ gan-an ń sá. Èmi rò pé mo ti ṣẹ̀ yín ni. Mo wá ẹ̀ṣẹ̀ náà títí, mi ò rí i."

Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ náà, mo jẹ púpurú àti ọbẹ̀ ẹja láti inú ìkòkò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ pípín iṣẹ́.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ara mi yá. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi lo oògùn kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ìyá ìjọ wa gbàdúrà fún mi, ó sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dá oògùn dúró fúnra mi. Àyà mi ṣì máa ń já nígbà mìíràn. Bí ó bá já, mo máa ń béèrè.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé èmi náà kò wọ bàtà lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà kan náà la jọ rìn, ó sì dájú pé àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń jó, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n lára rárá. Ojú Fúnkẹ́ nìkan ni mo ń wò. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ti ń bọ̀ láti ìsìn, ọ̀nà náà tún gbóná. Ó ta mí lẹ́sẹ̀ dáadáa, mo fajú ro, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Fúnkẹ́ wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gba inú koríko."